Ẹ Má Fi Ojú Tẹ́tẹ́ Wo Àlọ́

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá wà lọ́jà, tí ó di ojú, tí ó ní òun kò fẹ́ rí ọmọ náà rárá ńkọ́? Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ àti òbí ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ géèmù nìyẹn. A ní ohun ìbàjẹ́ ni gbogbo rẹ̀, a sì fi ẹnu tì í síbẹ̀. Àwọn ọmọ ní tiwọn ní géèmù tí kò bá ti sí ìbọn, ìjà tàbí bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀, oorun ni ó ń kùn ni. Àwọn olùtajà sì ń pariwo pé èyí tí àwọn gbé wá yẹ tọmọdé tàgbà. Ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn, kò sì sí èyí tí ó dé ibi tí à ń lọ nínú wọn.

Èrò tèmi ni pé oríṣi géèmù kan wà tí ó jẹ́ ìtàn ní tòótọ́. Òṣùwọ̀n ìtàn ni ó yẹ kí a fi wọ̀n ọ́n kí a tó sọ ẹni tí ó yẹ àti ẹni tí kò yẹ. Òṣùwọ̀n náà kò jìnnà: ọwọ́ àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá ni ó wà. Bí a bá kọ̀ láti lò ó, tí à ń fi òfin de ohun tí a kò wò, a ti gbé iṣẹ́ wa fún olùtajà kí ó bá wa ṣe é.

KÍ NI OHUN TÍ À Ń JIYÀN LÉ?

Ọ̀rọ̀ náà "géèmù" ti di agboolé ńlá tí oníwà rere àti oníwà burúkú jọ ń gbé. Bí òbí kan ní Yaba ní ìlú Oǹdó bá gbọ́ ọ, ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni ọkàn rẹ̀ ń lọ, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi owó oúnjẹ wọn dá bírà tí kì í jẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ bá gbọ́ ọ, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù orí PlayStation ni ó ń rò, níbi tí a ti ń sanwó fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tí wọ́n bá nà yóò dìde kí ẹlòmíràn jókòó.

Géèmù oníìtàn kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹ wo àpẹẹrẹ díẹ̀. Nínú Dear Esther, tí ó jáde ní 2012 láti ọwọ́ The Chinese Room ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, erékùṣù kan ní etí òkun Scotland ni o ó máa rìn káàkiri, tí ohùn ọkùnrin kan yóò máa ka lẹ́tà tí ó kọ sí obìnrin kan sí ọ létí. Nínú Gone Home, ti 2013, ọ̀dọ́bìnrin kan ti ìrìn àjò dé, ó bá ilé òfìfo. Ìwé àti lẹ́tà tí ó wà nínú ilé náà ni yóò fi mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹbí rẹ̀. Nínú What Remains of Edith Finch, ti 2017, ẹni tí ó ṣẹ́kù nínú ìdílé kan padà sí ilé bàbá ńlá wọn láti mọ bí olúkúlùkù wọn ṣe kú. Ẹ̀wẹ̀, Limbo tí àwọn Playdead ṣe ní Denmark ní 2010 kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ọmọdékùnrin kan ń wá arábìnrin rẹ̀ nínú igbó tí gbogbo nǹkan ibẹ̀ jẹ́ dúdú àti eérú.

Ẹgbẹ́ kéékèèké, tí kò sí lábẹ́ àṣẹ ilé iṣẹ́ ńláńlá, ni ó máa ń ṣe púpọ̀ nínú irú géèmù báyìí. Ẹ fi wọ́n wé òǹkọ̀wé Yorùbá tí ó ta ilẹ̀ rẹ̀ kí ó lè tẹ ìwé ara rẹ̀ jáde. Nítorí náà, wọn kì í sábà ní owó láti fi ogun àti ẹgbàágbèje ọmọ ogun kún inú eré wọn. Ohun tí wọ́n ní ni ìtàn, ohùn, àwọ̀, orin, àti ìmọ̀lára tí ibùdó ìtàn ń fún ni.

Ẹni tí ó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí kò ní pẹ́ lóye ohun tí mo ń wí. Àwọn ará Ìdànrè ti gbé orí òkè náà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè, bẹ́ẹ̀ ni àwókù ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni tí yóò yọ sí ọ láti bá ọ jà. Ìwọ ni ò ń rìn, ìwọ ni ò ń wò, ìwọ náà ni o ó so ohun tí o rí pọ̀ kí ó tó di ìtàn. Bí a bá kó ogójì akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀, àwọn kan yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin, wọn yóò máa bi ara wọn pé ta ni ó jókòó níhìn-ín, ẹjọ́ ta ni wọ́n dá lọ́hùn-ún. Àwọn kan yóò ti ya fọ́tò tán láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, wọn a ní ebi ń pa àwọn. Èkejì kò dẹ́ṣẹ̀, òkè náà kò sì di ohun yẹpẹrẹ nítorí pé ó sú u. Bí géèmù oníìtàn ṣe rí gan-an nìyẹn. Ó yẹ ẹnìkan, kò yẹ ẹnìkejì, ìdí rẹ̀ sì ṣeé mọ̀ ṣáájú.

SÍ Ẹ̀YIN TÍ Ẹ NÍ OHUN ÌBÀJẸ́ NI

Ẹ kọ́kọ́ ní ó ń jẹ àkókò. Òótọ́ ni pé géèmù kan wà tí kò lópin, tí wọ́n dìídì ṣe kí ọmọ má baà lè dìde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mò ń sọ ní òpin. Firewatch, ti 2016, kò ju bíi wákàtí mẹ́rin lọ. Gone Home àti Edith Finch tó bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ìtàn náà yóò parí, ọmọ náà yóò sì dìde. Ọmọ tí ó bá ń wo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè láti August títí di May, wákàtí mélòó ni ó lò? Kò sì sí ẹni tí ó pe ìyẹn ní ìbàjẹ́, nítorí pé àwa bàbá ni a jọ ń wò ó.

Ẹ tún ní àjèjì ni. Mo béèrè: kí ni ìwé ìtàn àròsọ jẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ní 1938, nígbà tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde? Ẹni tí ó kọ ọ́, Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ni, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa yìí. Ìgbá tí ó bu omi sí, àjèjì ni: ìwé títẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ẹnìkan yóò dá nìkan jókòó kà láìsí ẹgbẹ́ agbálọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n omi tí ó bù sínú rẹ̀, tiwa ni: àlọ́, òwe, ọdẹ, iwin àti ìmọ̀ràn àgbà. Lónìí, ìwé yẹn ni a fi ń yangàn. Kì í ṣe ìgbá ni ó ń sọ omi di ẹlẹ́gbin.

Ẹ tún ní ó ń dẹ́rù ba ọmọ. Kí ni igbó Fágúnwà ń ṣe fún wọn? Ẹni tí ó bá ti bá Àkàrà-Ògùn dé ọ̀dọ̀ Agbákò, tí ẹ̀rù kò bà á, kò kà á dáadáa ni. Síbẹ̀, a fi ìwé náà fún ọmọ láti kà nítorí a mọ̀ pé ẹ̀rù inú ìtàn ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé kí ni ẹ̀rù náà wà fún. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń mú kí ọmọ ronú lórí ikú, àdánù tàbí ìgboyà, ó ti ń bá ìtàn rìn. Bí ó bá jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣáà máa ṣàn ni, ẹ dá a padà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ ní pàtàkì. Nínú kíláàsì, a máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ to ibùdó ìtàn lẹ́sẹẹsẹ: igbó, ààfin, ọjà, odò. A ó fún un ní máàkì márùn-ún. A kì í bi í pé báwo ni igbó náà ṣe rí lára rẹ̀ nígbà tí ó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ni ibùdó ìtàn fi di orúkọ lásán létí wọn. Ẹni tí ó bá ti rìn nínú ilé òfìfo kan fún wákàtí méjì, tí ó ń gbọ́ òjò lórí páànù, tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mọ̀ pé ibùdó lè jẹ́ ẹ̀dá ìtàn fúnra rẹ̀. Bí ó bá padà sórí ìwé, yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó máa wá. Ohun tí ó lè ran iṣẹ́ wa lọ́wọ́ ni a ń lé bí ajá.

SÍ Ẹ̀YIN Ọ̀DỌ́ TÍ Ẹ NÍ KÒ SÍ NǸKAN TÍ Ó Ń ṢẸLẸ̀

Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ kí n bá yín wí díẹ̀. Ẹ máa ń sọ pé irú géèmù báyìí kò ní nǹkan nínú, rírìn ṣáá ni. Ẹ wo Firewatch. Ní 1989, nínú igbó kan ní Wyoming ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Henry gba iṣẹ́ ìṣọ́ iná igbó. Ó ń gbé orí ilé ìṣọ́ gíga kan, ẹnì kan ṣoṣo tí ó sì ń bá sọ̀rọ̀ ni Delilah, ọ̀gá rẹ̀, lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí ó ń yìnbọn. Ṣùgbọ́n kí ni ó gbé ọkùnrin yìí dé inú igbó? Àìsàn ìgbàgbé ti mú ìyàwó rẹ̀ nígbà tí kò tíì dàgbà, kò mọ ọkọ rẹ̀ dáadáa mọ́, ọkọ kò sì lè fara dà á. Ó sá ni. Ọdẹ inú ìwé wa wọ igbó láti di akọni. Ọkùnrin yìí wọ igbó nítorí pé ó ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kò sí ìjà nínú ìyẹn, kò tíì mọ irú ìjà tí ó ń bọ̀ wá bá a láyé ni.

Síbẹ̀, mi ò ní fi dandan mú yín. Ẹni tí kò fẹ́ràn iyán kò túmọ̀ sí pé kò mọ oúnjẹ jẹ. Bí ara rẹ bá fẹ́ eré tí ọwọ́ àti ojú yóò ti máa sáré, tí ìdíje wà, tí olúborí wà, kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ohun tí ó burú ni pé kí o máa fi òṣùwọ̀n bọ́ọ̀lù wọn ìtàn. Kò sí ẹni tí í lọ síbi ìjálá kí ó máa béèrè pé góòlù mélòó ni wọ́n jẹ.

SÍ Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń TÀ Á

Ọ̀rọ̀ tiyín kò gùn. Ẹ̀ ń sọ pé ó yẹ gbogbo ènìyàn. Aṣọ tí wọ́n bá ní ó ba gbogbo ara mu, àpò ni, kì í ṣe aṣọ. Ẹ̀ ń sọ pé ó "mú ni lọ́kàn", pé "kò sí irú rẹ̀". Gbogbo ọlọ́jà ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀wà rẹ̀. Ohun tí òǹrajà fẹ́ mọ̀ ni bí ó ti gùn tó, ọmọ ọdún mélòó ni ó wà fún, kí ni ọwọ́ yóò máa ṣe nínú rẹ̀, àti irú ẹ̀rọ wo ni yóò gbé e. Ẹni tí kò bá sọ ìwọ̀nyí, ariwo ni ó ń tà.

ÌBÉÈRÈ MẸ́FÀ

Báwo wáá ni ènìyàn yóò ṣe mọ̀ bóyá ó yẹ òun? Mo to ìbéèrè mẹ́fà sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá fi òótọ́ dáhùn wọn kò ní fi owó òbí rẹ̀ ṣòfò. Òbí tí ó bá kà wọ́n náà yóò mọ ibi tí òun yóò ti sọ bẹ́ẹ̀ ni àti ibi tí òun yóò ti sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Èkínní: ǹjẹ́ o lè dúró ti ìtàn tí kò yára? Ọ̀nà kan wà láti dán ara rẹ wò láìná kọ́bọ̀. Mú Igbó Olódùmarè tàbí Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje, pa fóònù rẹ, kí o ka ogún ojú ìwé. Ṣọ́ ara rẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí òǹkọ̀wé ti ń ṣàpèjúwe igbó, ojú ọ̀run àti ìrísí iwin ni o ń fò kọjá kí o lè dé ibi ìjà, géèmù oníìtàn yóò sú ọ kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, nítorí pé ìjúwe yẹn gan-an ni gbogbo ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé níbẹ̀ ni o ti ń dúró, tí o ń rí igbó náà lójú ọkàn rẹ, wá gbé e, tìrẹ ni.

Èkejì: ǹjẹ́ o lè gba ìtàn tí kò di gbogbo okùn rẹ̀? Àlọ́ tiwa máa ń sọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní gbangba kí a tó tú ká. Ọ̀pọ̀ nínú géèmù wọ̀nyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú Dear Esther, àwọn abala lẹ́tà tí ènìyàn ń gbọ́ a máa yàtọ̀ láti ìgbà dé ìgbà, tí ó fi jẹ́ pé ẹni méjì lè rìn ín já, kí wọ́n má sì gbọ́ ohun kan náà. Ẹni tí kò lè sùn bí kò bá mọ ẹni tí ó jẹ̀bi, kí ó yẹra. Ẹni tí ó fẹ́ràn kí àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ìtàn parí, yóò jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ yó.

Ẹ̀kẹta: ọmọ ọdún mélòó ni ọ́? Ọ̀pọ̀ òbí rò pé níwọ̀n bí kò ti sí ìbọn nínú rẹ̀, ti ọmọdé ni. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n fi àmì sí Firewatch ní Amẹ́ríkà pé ẹni ọdún 17 sókè ni ó wà fún, nítorí èdè àti ọ̀rọ̀ àgbàlagbà inú rẹ̀. Nínú Limbo, tí kò sọ̀rọ̀ kankan, ọmọdé inú rẹ̀ a máa kú ikú oró bí ẹni tí ń ta á bá ṣì ẹsẹ̀ gbé. Àjọ tí ó ń fi àmì ọjọ́ orí sí géèmù ní Amẹ́ríkà, tí à ń pè ní ESRB, ti wà láti 1994. Ti Yúróòpù, PEGI, ti wà láti 2003. Àmì wọn wà lójú páálí, ó sì wà lójú ewé tí wọ́n ti ń tà á. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀kẹrin: báwo ni o ṣe ń ka Gẹ̀ẹ́sì sí? Lẹ́tà, ìwé ìrántí àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi gbé ìtàn náà ró. Ẹni tí kò bá lè ka ìwé tí a fi ọwọ́ kọ, tàbí tí kò lè tẹ̀lé ohùn àwọn aláwọ̀ funfun, yóò kàn máa ṣí ilẹ̀kùn láìmọ ìdí ni. Bí ìwọ bá wà níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀, kí o sì jẹ́ kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n ń sọ sí ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ̀rọ, iná àti owó ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú ohun tí àwọn òyìnbó ń kọ nípa géèmù, ṣùgbọ́n òun ni ó ń pinnu fún wa. Dátà tí wọ́n fi ń gbé ọ̀kan sórí kọ̀ǹpútà lè tó èyí tí ìdílé kan ń lò fún odindi ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì, tí iná ọba bá lọ láàárín kan, o lè padà sẹ́yìn. Dọ́là ni wọ́n fi ń dá iye lé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ díẹ̀ wà. Limbo àti Edith Finch wà lórí fóònù náà. Steam, ọjà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí wọ́n ti ń ta púpọ̀ nínú wọn, ti ń dá owó padà láti 2015 bí òǹrajà bá béèrè láàárín ọjọ́ 14, tí kò sì tíì ta á tó wákàtí 2. Wákàtí àkọ́kọ́ ni kí o fi dán an wò. Bí ìtàn náà kò bá pè ọ́ láàárín wákàtí kan, kò ní pè ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta géèmù oníwákàtí kan tán kí ó wá lọ gba owó rẹ̀ padà. Olè ni ìyẹn. Bákan náà ni ayédèrú. Àwa tí à ń ké pé ẹ̀rọ aṣẹ̀dà ìwé ti pa òǹkọ̀wé Yorùbá, a kò gbọdọ̀ fi irú idà kan náà pa òṣèré kékeré ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹfà: ìgbà wo? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò WAEC ti kù sí dẹ̀dẹ̀ kò nílò ìtàn tuntun, ti inú síláàbù ni kí ó kà. Ìsinmi wà fún ohun tí ìsinmi wà fún. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, ẹ má dá a ta. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta lè jókòó ti kọ̀ǹpútà kan, kí ọ̀kan di ọwọ́ mú, kí àwọn yòókù máa dá sí i: "Padà sí yàrá yẹn," "Ka lẹ́tà ìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i." Láyé àtijọ́, àgbálọ̀ọ́ kì í gbè é fún ara rẹ̀.

ÈDÈ TA NI ÌTÀN NÁÀ Ń SỌ?

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù. Nínú gbogbo géèmù tí mo dárúkọ, kò sí ọ̀kan tí ó ń sọ Yorùbá. Àwọn kan yóò ní èdè wa kò lè ṣe é, pé ti òyìnbó ni. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Alaska, ní apá àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí yìnyín kì í fẹ́ kúrò nílẹ̀.

Àwọn Iñupiat wà níbẹ̀. Àwọn tí ó ṣì ń sọ èdè wọn kò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ. Àjọ àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, Cook Inlet Tribal Council, pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ géèmù, wọ́n mú ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn kan, wọ́n sì sọ ọ́ di Never Alone ní oṣù November ọdún 2014. Ọmọbìnrin kan tí ó ń jẹ́ Nuna àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun kan ń wá ohun tí ó fa ìjì tí kò dáwọ́ dúró. Àgbà kan ni ó ń sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní èdè Iñupiaq, Gẹ̀ẹ́sì sì wà ní ìsàlẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́. Bí o bá ti ń dé ibì kan sí òmíràn, fídíò kéékèèké yóò ṣí, tí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn yóò ti máa ṣàlàyé àṣà wọn. Ní 2015, ó gba ẹ̀bùn BAFTA ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àmì ọjọ́ orí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ ọdún mẹ́wàá sókè. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ mi pé èwo ni kí ọmọ òun kọ́kọ́ ta, èyí ni mo máa ń sọ.

Ní Áfíríkà, Kiro'o Games ní Kamẹrúùnù gbé Aurion jáde ní 2016, láti inú ìtàn tí wọ́n fi èrò ilẹ̀ Áfíríkà hun. Ní 2024, Tales of Kenzera: ZAU jáde, iṣẹ́ tí Abubakar Salim ṣe nítorí ọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀; ènìyàn lè yàn láti gbọ́ ọ ní èdè Swahili. Ìjà wà nínú àwọn méjèèjì ju ti àwọn tí mo kọ́kọ́ dárúkọ lọ, ẹni tí rírìn bá sú lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo ń wí: èdè tí kò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan ń sọ ti wọ inú rẹ̀, Swahili ti wọ inú rẹ̀, Yorùbá tí ẹgbàágbèje mílíọ̀nù ènìyàn ń sọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bú àwọn tí ó wọlé.

Kì í ṣe pé ọwọ́ kò sí. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, FUTA, wà ní Àkúrẹ́ láti 1981. Ọ̀dọ́ tí ó mọ kọ̀ǹpútà kún ibẹ̀. Adéyẹmí, tí ó jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni kí ó tó di yunifásítì ẹ̀kọ́, wà ní ìlú Oǹdó. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ Yorùbá ti gba ìmọ̀. Òkè-Igbó, ilé Fágúnwà, kò jìnnà sí Oǹdó. Ní 2013, nígbà tí ó pé 50 ọdún tí Fágúnwà kú, àwọn ọ̀mọ̀wé pé jọ sí Àkúrẹ́ láti sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ kì í fi wákàtí méjì rin ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́ kò mọ ìtàn, ẹni tí ó mọ ìtàn ní Oǹdó ń gan ẹ̀rọ, ìyẹn ni ó sọ ọ̀nà kékeré yẹn di ìrìn àjò tí ẹnikẹ́ni kò tíì rìn dé òpin.

Ta ni yóò kọ ọ̀rọ̀ tí ọdẹ yóò máa sọ nínú géèmù Yorùbá? Ta ni yóò sọ fún oníṣẹ́ ẹ̀rọ pé iwin kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú òkú tí ó jí, pé ọdẹ kì í wọ igbó láìkí igbó, pé àmì ohùn tí a kò bá fi sí "ọkọ" lè sọ ọ́ di "ọkọ̀" tàbí "ọkọ́"? Ọmọ tí ó ń ta géèmù lónìí tí ó sì gbọ́ Yorùbá ni. Bí a bá lé e jáde ní kíláàsì gẹ́gẹ́ bí aláìmọ̀kan, òun ni a ń lé yẹn.

ÀTAKÒ KAN ṢOṢO TÍ Ó LẸ́SẸ̀ NÍLẸ̀

Ẹnìkan lè sọ pé bí a bá yin géèmù báyìí, àwọn ọmọ yóò pa ìwé tì. Mo bọ̀wọ̀ fún àtakò yìí, nítorí pé ìwé ni iṣẹ́ mi. Géèmù kò lè ṣe ohun tí gbólóhùn Fágúnwà ń ṣe. Kò sí àwòrán tí ó lè gbé ìró àti àwítúnwí inú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tí ó lè kọ́ ọmọ bí a ti ń pa òwe. Ẹni tí ó bá ní òun ti ta géèmù, òun kò ní kàwé mọ́, ẹ má fún un ní máàkì kankan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń pa ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní tòótọ́. Ìwé aṣàlàyé olójú ewé mẹ́rìnlélógún ni, èyí tí ó ti kó àhunpọ̀ ìtàn, ẹ̀dá ìtàn àti ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ jọ fún ìdánwò, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń yege láìfọwọ́ kan ìwé gan-an. Àwa olùkọ́ ni a ń tà á. Kí a tó lé èèrà kúrò lára ògiri, ẹ jẹ́ kí a wo ikán tí ó wà lábẹ́ ibùsùn wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ta ọ̀kan tán kí ẹ tó fi òfin dè é. Wákàtí mẹ́ta kò ju àkókò ìpàdé olùkọ́ kan àti ààbọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bi àwọn ọmọ yín ní ìbéèrè tí ẹ máa ń bi wọ́n lórí ìwé: ta ni ń sọ ìtàn, ṣé a lè gba ohùn rẹ̀ gbọ́, kí ni ibùdó náà ṣe sí ẹ̀dá ìtàn? Ẹ̀yin òbí, ẹ wo àmì ọjọ́ orí, kí ẹ sì ya tẹ́tẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi ogún ojú ìwé dán ara yín wò. Bí ó bá yẹ yín, ẹ ta á, kí ẹ sì wá sọ fún wa ní Yorùbá ohun tí ẹ rí níbẹ̀. Bí kò bá yẹ yín, ẹ fi owó yín sápò, kí ẹ má sì bú ẹni tí ó yẹ.